Ẹni tó mú un wọlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi rèé: "Dókítà, mò ń ta spare parts ní Gate, níbí n'Ìbàdàn. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 23, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé òun àti ìyá ẹ̀. Ó jáde ní Poly lọ́dún tó kọjá. Láti bí oṣù mẹ́rin ló ti yí padà, kì í bá wa jẹun mọ́, ó ní oúnjẹ ìyá òun ò mọ́, òru ló fi ń wo fídíò àwọn tó ń gbé ìbọn, ó tún ti ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe pásípọ́ọ̀tù. Àwọn kan nílé ní ebi ni, àwọn kan ní wọ́n fi nǹkan bá a jà. Kí ló ń mú ọmọ tá a tọ́ dáadáa wọ ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí, kí ló dé tí wọn kì í fi í jáde, ẹni tó bá sì jáde, ṣé ó lè padà di èèyàn?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ìdààmú ọmọ. Mo ka nǹkan tẹ́ ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì, àyà mi já, inú mi sì tún dùn díẹ̀, torí ẹ tètè rí i, ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ti bá pàdé nídìí iṣẹ́ yìí, ìgbà tọ́mọ ti lọ tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí pé ha, ó mà ti ń sọ báyìí báyìí tipẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mi, àmọ́ inú àpò kan ṣoṣo lẹ dà wọ́n sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta pátì mọ̀ pé nǹkan tó ń jẹ́ kí mọ́tò sítáàtì kọ́ ló ń jẹ́ kó máa lọ lójú títì, nǹkan tó sì ń dá a dúró tún yàtọ̀. Bó ṣe rí níbí náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé sítáàtà ni wọ́n ń tú wò nígbà tó jẹ́ pé búréèkì ni ò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé ti ebi yẹn kúrò lójú ọ̀nà ná. Lọ́jọ́ Kérésì 2009, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Umar Farouk Abdulmutallab wọ ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Detroit l'Amẹ́ríkà, inú pátá ló kó bọ́ǹbù sí. Bọ́ǹbù ò bú bó ṣe fẹ́, iná ló mú un lára, àwọn èrò inú ọkọ̀ ló fà á mú. Ta ni bàbá ẹ̀? Ògbólógbòó oníbáǹkì, ọ̀kan nínú àwọn olówó ilẹ̀ yìí. Lọ́ńdọ̀nù lọmọ ti kàwé enjiníà, kò sí ohun tó fẹ́ tí kò rí. Bàbá yẹn náà rí i bẹ́ ẹ ṣe rí i yìí o, oṣù kan ṣáájú ló ti lọ sí ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà l'Abuja lọ sọ fún wọn pé ọkàn òun ò balẹ̀ lórí ọmọ òun. Nítorí náà tí wọ́n bá ní ebi ni, ẹ bi wọ́n, ebi wo?

Àmọ́ n ò ní purọ́ fún yín pé àìríṣẹ́ ò sí ńbẹ̀. UNDP, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ṣe ìwádìí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n lọ jókòó ti àwọn tó wọ ẹgbẹ́ wọ̀nyí fúnra wọn, wọ́n bi wọ́n léèrè. Nínú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2023, nínú àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn wọlé, èèyàn 25 nínú 100 ló ní iṣẹ́ lòun ń wá, àwọn tó ní tìtorí ẹ̀sìn ò ju 17 lọ. Èyí tó tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí n dákẹ́ ni ti 2017, èèyàn 71 nínú 100 ló ní nǹkan tí ìjọba ṣe ló ti òun wọlé gan-an, wọ́n pa ẹbí òun, wọ́n pa ọ̀rẹ́ òun, wọ́n ti bàbá òun mọ́lé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Síbẹ̀ ẹ jẹ́ ká bi ara wa, mélòó làwọn ọmọ tó jókòó sí Ìwó Road pẹ̀lú Ọ̀jọ́ọ̀ tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́, mélòó ni ọlọ́pàá ti fìyà jẹ rí, ṣé gbogbo wọn ló ń wá bọ́ǹbù kiri? Rárá. Ìyà máa ń sọ èèyàn di igi gbígbẹ, àmọ́ igi gbígbẹ ò lè dáná fúnra ẹ̀. Èèyàn ló ń mú èèyàn lọ. Ẹ̀yin náà, ta ló mú yín dé Gate? Ẹ ò kàwé nípa gáàsìkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹnì kan ló ní ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ẹ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹ ra oúnjẹ fún ọ̀gá, ẹ ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ṣeré, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ẹ ti ń fi ẹnu wọn sọ̀rọ̀, ìmọ̀ pátì wá ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Dókítà ọpọlọ kan tó ti bá CIA ṣiṣẹ́ rí, Marc Sageman, yẹ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ọmọ al-Qaeda tó lé ní 150 wò, ó gbé e jáde ní 2004, ohun tó rí ni pé ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló gbé ọ̀pọ̀ wọn wọlé. Wọ́n kọ́kọ́ di ara wọn, ìgbà tí wọ́n di ara wọn tán ni wọ́n jọ gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Àwa máa ń rò pé ìwàásù ló ń ṣáájú.

Ẹ tiẹ̀ wo ìtàn tiwa níbí. Ìbàdàn tá à ń jẹ ayé ẹ̀ yìí, ibùdó ogun ni ní nǹkan bíi 1829, lẹ́yìn tí Òwu fọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń ti ibi gbogbo wá, ti Ọ̀yọ́ ilé, ti Ifẹ̀, ti Ìjẹ̀bú, ti Ẹ̀gbá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ogun ti fọ́ ilé bàbá wọn, wọn ò mọ ẹnì kankan níbí. Wọ́n á wá lọ so mọ́ ológun kan, ìyẹn á fún wọn lóúnjẹ, á fún wọn níbọn, wọ́n á máa jẹ́ ọmọ ilé e, tó bá pẹ́ ó tún lè fẹ́yàwó fún wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní àwọn agboolé kan wà ní Ìbàdàn tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló pa wọ́n pọ̀, ogun ni. N ò fi àwọn bàbá wa wé Boko Haram o, kí ẹnikẹ́ni má wá ká mi mọ́ ilé, wọ́n gba ìlú sílẹ̀ (wọ́n sì kó ẹrú bí ilẹ̀ bí ẹní, ìyẹn náà ò ṣeé fi pamọ́). Ohun tí mò ń wí ni pé ọmọkùnrin tí ò ní ohun tó fẹ̀yìn tì, tó wá rí ẹni tó bọ́ ọ, tó pè é lọ́mọ, tó fún un lórúkọ táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa fi kí i, kì í béèrè ohun tó pọ̀ kó tó tẹ̀ lé e.

Nǹkan tí Mohammed Yusuf, ẹni tó dá Boko Haram sílẹ̀, ṣe ní Maiduguri nìyẹn, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 2002. Ó ní mọ́ṣáláṣí, ó ń yá àwọn ọ̀dọ́ lówó òwò, ẹni tí ò rówó fẹ́yàwó á rí ìyàwó fẹ́ níbẹ̀, ẹni tí ò rí ibi sùn á rí ibi sùn, láàárín ìyẹn ló ti ń sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ò da, ìjọba ò da. Lóṣù kẹfà 2009 wọ́n ń lọ sìnkú, àwọn tó gun ọ̀kadà nínú wọn ò dé hẹ́lmẹ́ẹ̀tì, ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to bá dé láàárín wọn àtàwọn ọlọ́pàá òun sójà tó ń ṣọ́ ojú títì, wọ́n yìnbọn, èèyàn 17 fara gbọta. Hẹ́lmẹ́ẹ̀tì o! Oṣù tó tẹ̀ lé e, ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Bauchi, ní Yobe, ní Borno, èèyàn tó lé ní 700 kú láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn sójà mú Yusuf láàyè, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n sì pa á sọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ 30 oṣù keje láì gbé e dé kóòtù. Ọmọ tó jẹ́ pé owó òwò ló gbé e débẹ̀ lánàá, tó wá rí òkú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nílẹ̀ lónìí, Abubakar Shekau tó gorí àga lẹ́yìn Yusuf ò nílò ìwàásù púpọ̀ kó tó rí i mú.

Ti ẹ̀sìn, n ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, torí ibẹ̀ lariwo pọ̀ sí jù. ISIS, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó gba apá kan Syria àti Iraq nígbà kan, ní fọ́ọ̀mù táwọn tó ń wọ Syria láti òkèèrè máa ń kọ ní 2013 sí 2014, fọ́ọ̀mù ọ̀hún bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníròyìn ní 2016. Wọ́n bi oníkálukú pé báwo ni ìmọ̀ ẹ̀sìn ẹ̀ ṣe tó, nǹkan bí èèyàn 70 nínú 100 ló ní ìmọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ lòun ní. Ọmọ kéwú tó jókòó sídìí àfáà ẹ̀ títí tó fi parí Kùránì kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, èyí tó ń fi fóònù kó ẹ̀sìn jọ lóru ni. Kì í sì í ṣe Ìsìláàmù nìkan o, Joseph Kony ní Uganda orúkọ Olúwa ló fi sọ ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ tiẹ̀, àwọn alákatakítí aláwọ̀ funfun ní Jámánì àti Sweden, ẹ̀sìn kọ́ ni wọ́n gbé lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ ló sì ń mú ọ̀pọ̀ nínú wọn wọlé bákan náà. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n, tí ọmọ bá dá irùngbọ̀n sí tàbí tó gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yín ni oúnjẹ ìyá ẹ̀.

"Wọ́n fi nǹkan bá a jà" ńkọ́? N ò bá ẹnikẹ́ni jà sí ìgbàgbọ́ ẹ̀, àmọ́ ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti dè é mọ́lẹ̀. Mo ti rí i rí, wọ́n gbé ọmọ kan lọ sórí òkè, wọ́n fi ṣéènì so ó, wọ́n nà án fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ìgbà tí wọ́n máa fi tú u sílẹ̀, ó ti wá ní ìdí gidi tó fi kórìíra ilé bàbá ẹ̀.

Ó yá, kí ló dé tí wọn kì í jáde. Àwọn tó wà nílé rò pé torí ó gba gbogbo ẹ̀ gbọ́ gbọnyin-gbọnyin ni. Púpọ̀ nínú wọn ni ò gbà á gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀nà ni wọn ò rí. Àkọ́kọ́, gbèsè. Lọ́dún 2016, àjọ Mercy Corps bá àwọn 47 tó ti wà nínú Boko Haram rí sọ̀rọ̀, àwọn oníṣòwò kéékèèké wà nínú wọn, telọ, alápatà, irú àwọn èèyàn tẹ́ ẹ mọ̀. Owó ni wọ́n gbà tàbí tí wọ́n ń retí láti gbà. Ẹni tí ò bá wá rí i san, ara ẹ̀ ni wọ́n ní kó fi dí i. Àwa Yorùbá ní orúkọ fún ìyẹn, ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà tó ń gbé ìbọn ni wọ́n, ẹni tó bá sì bá wọn ṣe ṣogúndogójì rí á mọ̀ pé owó yẹn kì í tán.

Lẹ́yìn gbèsè, ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ogun wọn gbóná, àwọn èèyàn Kony máa ń jí ọmọdé gbé, wọ́n á ní kí òmíràn nínú wọn pa ẹbí ara ẹ̀ tàbí ará àdúgbò, níṣojú gbogbo ayé. Kì í ṣe ìkà lásán ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n ń dáná sun afárá tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni. Ọmọ yẹn, ta ló máa padà lọ bá? Ìyàwó àti ọmọ tún wà ńbẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹ́yàwó fún nínú igbó, tó ti bímọ méjì, tó bá sá, ọwọ́ ta ló fi wọ́n sí? Ikú tún wà níwájú àti lẹ́yìn, ẹgbẹ́ á pa á tí wọ́n bá ká a mọ́ ibi tó ti ń sá lọ, tó bá sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn sójà, ìròyìn àwọn tó wọ Giwa Barracks ní Maiduguri tí wọn ò padà jáde ti dé igbó tipẹ́. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ipò ni, ẹni tó jẹ́ agbẹ́rù ní mọ́tò páàkì wá di ọ̀gá lórí ọgọ́rùn-ún èèyàn, ẹ ní kó wá padà wá máa gbẹ́rù.

Èyí tó ń dùn mí jù nínú ẹ̀ kò tiẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Mo bá ọmọ kan sọ̀rọ̀ rí l'Agbowó, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni tiẹ̀, kì í ṣe agbésùnmọ̀mí, àmọ́ nǹkan ọ̀hún ò yàtọ̀ síra. Mo ní kí ló dé tí o ò fi wọ́n sílẹ̀, ó gbé fóònù ẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa wo orúkọ inú ẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà ńbẹ̀, ẹgbẹ́ ni, ẹni tó ń bá a wá ilé, ẹgbẹ́ ni, ẹni tó ń gé irun ẹ̀, ẹgbẹ́ ni. Nọ́ńbà tí kì í ṣe tẹgbẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ, ti ìyá ẹ̀. Ó ní tóun bá kúrò, ta lòun máa kí láàárọ̀?

Ọ̀rọ̀ jíjáde wá kù, ibẹ̀ sì ni ìrètí wà. Wọ́n ń jáde o! Púpọ̀. Kì í sì í ṣe pé ẹnì kan bá wọn ṣe àríyànjiyàn ìwé mímọ́ ni wọ́n ṣe ń jáde. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n. Wọ́n á rí i pé ọ̀gá tó ń wàásù ikú kì í rán ọmọ tiẹ̀. Àwọn ọ̀gá á rẹ́ wọn jẹ níbi ìpín ìkógun. Tàbí kí àwọn ọ̀gá máa bá ara wọn jà, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní 2016 tí ISIS ní Abu Musab al-Barnawi, ọmọ Mohammed Yusuf gan-an, ni kó máa ṣe olórí dípò Shekau, tí ẹgbẹ́ bá pín sí méjì. Ìjà yẹn ló padà pa Shekau ní Sambisa lóṣù karùn-ún 2021, àwọn ISWAP, ìyẹn apá tó tẹ̀ lé ISIS, ká a mọ́, ó bá fi bọ́ǹbù ara ẹ̀ pa ara ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló tú jáde nínú igbó wá fi ara wọn lé ìjọba lọ́wọ́ ní Borno, tọkọ tìyàwó tọmọ. Ṣé gbogbo wọn ló yí èrò padà lọ́jọ́ kan náà? Rárá o. Ilẹ̀kùn ló ṣí.

Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ John Horgan ti ń tẹnu mọ́ tipẹ́. Kéèyàn sọ ìbọn kalẹ̀ lọ́tọ̀, kó yọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ kúrò lọ́tọ̀. Ẹlòmíì á jáde, á máa tajà ẹ̀ jẹ́jẹ́, kò ní pa eṣinṣin mọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó tì í dáadáa ẹ máa gbọ́ pé ó ṣì ní ohun tó ń bí i nínú. Tèmi ni pé kó sọ ìbọn kalẹ̀ ná, èyí tó kù máa ń bá ọdún lọ. Àwọn onímọ̀ kan ò ní gbà fún mi, wọ́n ní tí ọkàn ò bá yí ó máa padà, ó ṣeé ṣe, àmọ́ n ò tíì rí ẹni tí wọ́n fi ìwàásù nìkan yí lọ́kàn padà nígbà tí ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n ṣe ní Uganda. Wọ́n ṣe òfin ìdáríjì ní 2000, àmọ́ báwo lọmọ inú igbó ṣe máa mọ̀? Ilé rédíò kan wà ní Gulu, Mega FM, wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ Dwog Cen Paco, ìyẹn ni "padà wálé" lédè Acholi. Àwọn tó ti jáde ló ń bọ́ sórí afẹ́fẹ́, wọ́n á sọ pé èmi lágbájá rèé, wọn ò pa mí o, mo ti dé ilé. Ìyá á bọ́ síbẹ̀, á pe ọmọ ẹ̀ lórúkọ. Àwọn tó wà nínú igbó ń gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ohùn yẹn ló mú òun sá. Àwa náà gbìyànjú tiwa, ìjọba àpapọ̀ dá Operation Safe Corridor sílẹ̀ ní 2016, ibùdó wà ní Mallam Sidi ní Gombe, wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́, àfáà ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n tún ń tọ́jú ọpọlọ wọn. Ìgbà tí wọ́n bá padà sílé niṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tí wọ́n pa ọkọ wọn ṣì wà láàyè lágbègbè ọ̀hún, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú, ẹ ò lè fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan rán ọmọkùnrin padà sí àárín wọn kẹ́ ẹ ní ó tán. Àwọn obìnrin kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ tiẹ̀ fẹsẹ̀ ara wọn padà sínú igbó nítorí pé ará ilé ń pè wọ́n ní ìyàwó Boko Haram. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n, ó lè padà di èèyàn, mo ti rí ọ̀pọ̀ tó dà á, àmọ́ ọwọ́ tiẹ̀ nìkan kọ́ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí tọmọ yín. Ó jọ pé kò tíì wọlé tán, ẹnu ọ̀nà ló wà, mo sì ti rí nǹkan méjì tẹ́ ẹ ò sọ fún mi. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà pé ọmọ yahoo ni, wọ́n gba gbogbo owó inú àkáǹtì ẹ̀, tí ẹ̀yin nílé sì ní ṣebí ó yẹ kó mọ bó ṣe ń ṣe? Ṣé iṣẹ́ kan ló fẹ́ rí tó bọ́, ṣé ọmọbìnrin kan ni? Ẹ bi í, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ tó bá ń sọ̀rọ̀, kódà tọ́rọ̀ ọ̀hún bá kàn yín. Ìkejì, orúkọ ta ló ń dá jù? Ẹnì kan wà ńbẹ̀ tó ń kí i láàárọ̀, yálà ládùúgbò ni o tàbí inú Telegram. Ìwàásù tó ń gbọ́ ò tíì kan yín, ẹ wá ẹni yẹn ná, kẹ́ ẹ mọ nǹkan tó ń fún un tẹ́yin ò fún un, nítorí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tẹ́ ẹ máa gbé síbẹ̀ dípò.

Pásípọ́ọ̀tù, ẹ má fi kọ́bọ̀ yín bá a ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nì kankan nílé bá a ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ti ń kó owó ìrìn jọ tàbí ohun ìjà dé ọwọ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò nílé nìyẹn, ẹ mú lọ́yà àti àgbà kan tí wọ́n mọ̀ ládùúgbò dání kẹ́ ẹ lọ fi tó àwọn agbófinró létí. Bàbá Umar Farouk lọ, ọmọ ẹ̀ náà sì ni. Tí kò bá tíì débẹ̀, ẹ má pe ọlọ́pàá wá ká a mọ́lé láti fi dẹ́rù bà á, ẹ ti gbọ́ ti hẹ́lmẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá ẹni kan tó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún, kó máà jẹ́ ẹ̀yin, inú ń bí i sí yín lọ́wọ́lọ́wọ́. Kóòṣì bọ́ọ̀lù ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni o, àfáà tó kọ́ ọ ní kéwú ní kékeré ni o, ọ̀rẹ́ tó ti Poly bá a bọ̀ tí wọn ò rí ara wọn mọ́ ni o. Kónítọ̀hún má wá bá a jiyàn, kó kàn máa wá, kó ní káwọn jọ lọ wo bọ́ọ̀lù, kó máa pè é lálẹ́ ní wákàtí tó fi ń wo fídíò yẹn gan-an.

Ti oúnjẹ ìyá ẹ̀ yẹn, ẹ má bá a fà á rárá. Kí ìyá ẹ̀ máa bu tiẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kó fi abọ́ dé e, kó gbé e síbi tó máa ń gbé e sí tẹ́lẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́ tí kò tíì jẹ ẹ́, kó gbé e kúrò láìsọ nǹkan kan, kó tún bu òmíràn lálẹ́.